Ẹyẹ kékeré àti eku kékeré: èwo ló ń pẹ́ láyé jù?

Bàbá kan tó ń dáko kòkó lẹ́yìn Ìdànrè ló kọ̀wé béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Mo gé e kúrú díẹ̀:

“Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Igbó ṣíṣù kékeré kan wà láàárín abà mi àti oko kòkó mi. Ẹyẹ kan ń gbé inú rẹ̀, ẹyẹ kékeré tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó ti gbó. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbọ́ orin rẹ̀ láràárọ̀, ojú kan náà ló sì ti ń kọ ọ́. Mo ní ẹyẹ kan náà ni. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹyẹ tí kò tóbi ju eku oko lọ kò lè pẹ́ ju eku lọ, pé ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Òótọ́ ni pé eku tí mò ń rí lóko lọ́dún yìí kì í ṣe èyí tí mo rí léṣìí. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?”

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú àmójútó. Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ ẹyẹ kan náà. Ó tún ṣeé ṣe kó jẹ́ òmíràn, nítorí bí ẹyẹ kan bá kú, òmíràn kì í jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ ṣófo. Á wá jókòó síbẹ̀, á sì máa kọ irú orin kan náà. Àmọ́ ìdí tí ọmọ yín fi ta kò yín ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ó gbà pé bí ara bá ṣe kéré tó ni ẹ̀mí ṣe ń kúrú tó. Lóòótọ́, erin ń pẹ́ ju ehoro lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú ẹyẹ àti eku tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, ẹyẹ ló ń pẹ́ jù, kì í sì í ṣe díẹ̀ ló fi ń jù ú lọ.

Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe ẹyẹ yín, mo gbà pé èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Eurillas virens ni. Ó wọ́pọ̀ nínú ẹgàn àti oko kòkó àtijọ́ lágbègbè wa, etí ló sì máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i. Ìsàlẹ̀ igbó tó ṣù ló ń fara pamọ́ sí. Á kọ́kọ́ máa kùn jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà orin á yára, á sì gòkè. Èso wẹ́wẹ́ ló ń jẹ jù, ó sì ń fi kòkòrò kún un. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà kọjá gíráàmù 20 sí 30. Ní ti eku, ẹ jẹ́ ká mú èyí tó ń rìn nílẹ̀ nínú ẹgàn kan náà, onírun múlọ́múlọ́ tí ikùn rẹ̀ funfun, tí ìrù rẹ̀ sì gùn ju ara rẹ̀ lọ, Praomys tullbergi. Òun náà lè wúwo tó ẹyẹ yẹn, tàbí kó fi díẹ̀ jù ú lọ. Ẹ má fi asín kún wọn o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ka asín mọ́ eku, àmọ́ ìdílé wọn yàtọ̀ pátápátá: kòkòrò ni asín ń jẹ, eyín rẹ̀ rí ṣóńṣó, kò sì ní irú eyín iwájú tí eku fi ń gé èso kòkó yín jẹ.

Bí a bá ta àwọ̀n tín-ín-rín ní ìdájí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú igbó ìjọba Àkúrẹ́, lọ́nà Ọ̀fọ̀sú, ẹyẹ yìí wà lára àwọn tó máa ń kọ́kọ́ há. Mo máa ń fi ọrùn rẹ̀ sáàárín ìka méjì, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àtẹ́lẹwọ́ mi. Ooru ni ọwọ́ máa ń kọ́kọ́ mọ̀: ara ẹyẹ gbóná tó ìwọ̀n 40 sí 42 ní Celsius, nígbà tí tiwa àti ti eku ń bẹ ní nǹkan bí 37. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkàn rẹ̀, tó ń lù débi tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ọwọ́ lásán kà á. Ó ń lù ju ìgbà 500 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bí mo bá fẹ́ atẹ́gùn sí i láyà, ìyẹ́ á là sọ́tùn-ún sósì, awọ tín-ín-rín á yọ, ẹran tó fi ń fò á sì hàn lábẹ́ rẹ̀, pupa dòdò. Kò sí ẹran mìíràn lára rẹ̀ tó tóbi tó o.

Ti eku yàtọ̀. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn la máa ń wọ̀ ká tó mú un jáde nínú pàkúté. Irunmú rẹ̀ kì í sinmi, ó ń fi wá ọ̀nà. Eyín iwájú rẹ̀, méjì lókè méjì nísàlẹ̀, pọ́n lójú àmọ́ wọ́n funfun lẹ́yìn, torí pé iwájú nìkan ni apá tó le wà. Ẹ̀yìn tètè ń jẹ, iwájú kì í tètè jẹ, eyín náà sì ń hù títí tí eku fi máa kú. Ìdí nìyẹn tí ẹnu rẹ̀ fi ń mú ṣáá. Ká tó wọ̀n ọ́n tán, á ti tọ̀ sí ìbọ̀wọ́. Màá padà sórí ìtọ̀ yẹn, nítorí ó kan ẹ̀mí àwọn ará ilé yín.

Ẹni tó bá fi ọwọ́ kan ẹyẹ yìí lè sọ pé ẹyẹ ló yẹ kó tètè kú. Ara rẹ̀ ń jó ju ti eku lọ. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti ẹranko afọ́mọlọ́mú tí wọ́n jọ tóbi, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀. Bí dókítà bá rí irú rẹ̀ lára èèyàn, ìtọ̀ ṣúgà ló máa pè é. Síbẹ̀ ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Eku ilé tí wọ́n ń sìn nínú yàrá ìwádìí, tó ń jẹ tó ń mu, tí ológbò kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọdún méjì sí mẹ́ta ló sábà ń lò. Nínú igbó, ọ̀pọ̀ eku kékeré kì í pé ọdún kan. Ẹ wá wo ẹyẹ kan tó ń kọrin nínú igbó ilẹ̀ Yúróòpù, tí àyà rẹ̀ pọ́n, tí kò wúwo ju gíráàmù 20 lọ dáadáa: wọ́n ti fi òrùka onínọ́ńbà, tí wọ́n fi ń dá ẹyẹ mọ̀, sí ọ̀kan lẹ́sẹ̀ rí, tó sì lò ju ọdún 17 lọ nínú igbó. Àrà ọ̀tọ̀ nìyẹn, gbogbo wọn kọ́ ló ń rí bẹ́ẹ̀ lò. Àmọ́ kò sí eku kan tó wúwo tó bẹ́ẹ̀, tó ń rìn nílẹ̀ ní gbangba, tó sún mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò díẹ̀ kún un, torí ọmọ yín á fẹ́ rí i. Níbi tí wọ́n ti ń fi òrùka sí ẹsẹ̀ ẹyẹ inú ẹgàn ilẹ̀ olóoru, ohun tó sábà ń hàn ni pé púpọ̀ nínú àwọn ẹyẹ tó ti dàgbà ló ń rí ọdún tó tẹ̀ lé e. Ká ní méje nínú mẹ́wàá ló ń là á já lọ́dọọdún. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà nǹkan bí 12 á ṣì wà láàyè. Ká wá ní eku kan péré nínú mẹ́wàá ló ń rí ọdún tuntun. Nínú 100, mẹ́wàá ló máa kù lẹ́yìn ọdún kan, ẹyọ kan lẹ́yìn ọdún méjì. Ká má tiẹ̀ dé ọdún kẹta. Ẹ rí i pé ẹyẹ ọlọ́dún mẹ́fà kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Ọ̀kan nínú mẹ́jọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́.

Kí ló fà á? Fífò ni. Ẹ rántí gbogbo ohun tó ń pa eku: ejò ń wọ ihò bá a, òwìwí ń gbé e lóru, ológbò igbó ń ṣọ́ ọ, àgbàrá òjò ń kún ihò rẹ̀, èèyàn ń dẹ pàkúté dè é. Ẹyẹ náà ní ọ̀tá, àmọ́ bí ewu bá dé, ó ń gbéra nílẹ̀. Ní 1952, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Peter Medawar, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ohun tí ìyẹn ń fà, George Williams ní Amẹ́ríkà sì fẹ̀ ẹ́ lójú ní 1957. Bí ikú àìtọ́jọ́ bá ń pa irú ẹ̀dá kan lójoojúmọ́, kò sí èrè nínú kí ara rẹ̀ máa tún ara ṣe fún ọdún mẹ́wàá tí kò ní rí. Èyí tó bá tètè bímọ, tó bí púpọ̀, ni irú rẹ̀ máa gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ewu kò tètè bá, tí àgbà rẹ̀ ṣì ń bímọ lọ́dún karùn-ún àti ìkẹfà, ara tó lè pẹ́ á jẹ́ èrè fún un, á sì fi í sílẹ̀ fún ọmọ.

Ọmọ yín lè ní, “Ó dáa, àmọ́ ẹyẹ ni ẹyẹ, eku ni eku, bóyá ẹ̀jẹ̀ wọn ló yàtọ̀.” Ìbéèrè tó dáa ni, ẹ̀rí méjì ni mo sì máa ń fi dáhùn rẹ̀. Èkíní, ẹ wo àdán. Ọmú ló ń fún ọmọ rẹ̀ mu bí eku, irun ló wà lára rẹ̀ bí eku, àmọ́ ó ń fò. Ní Siberia, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, wọ́n tún mú àdán kan tí wọ́n ti fi òrùka sí lára ní ọdún 41 ṣáájú. Irú àdán yẹn kò wúwo ju nǹkan bí gíráàmù méje lọ. Èkejì, eku ni ó jẹ́ gan-an: eku kan tí kò nírun lára wà ní Ẹtiópíà, Kẹ́ńyà àti Sòmálíà, abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, níbi tí ọ̀tá kì í ti í tètè dé. Kò tóbi ju eku inú oko yín lọ. Ó ń lò ju 30 ọdún lọ níbi tí wọ́n ti ń sìn ín. Nítorí náà kì í ṣe ìyẹ́ tàbí irun ló ń pín ọdún fún ẹ̀dá. Ibi ààbò ni, bóyá òkè ni tàbí abẹ́ ilẹ̀.

Bí ara ẹyẹ ṣe ń ṣe é tí kò fi tètè bàjẹ́, tí iná rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, apá kan nínú ìdáhùn ti hàn. Gbogbo wa ni oúnjẹ ń jó nínú ara wa bí epo ṣe ń jó nínú jẹnẹrétọ̀, èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ló sì ń ba ẹ̀rọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹyẹ tí wọ́n ti yẹ̀ wò, iṣẹ́ tí ara ń ṣe pọ̀ ju ti eku tí wọ́n jọ tóbi lọ, àmọ́ èéfín tó ń yọ nínú ẹran ara wọn kéré sí i.

Ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí tẹ̀ lé èyí, kò sì gba àlàyé púpọ̀. Ẹyẹ yín ń yé ẹyin méjì sínú ìtẹ́ kékeré tó wà nítòsí ilẹ̀, ejò sì ń kó púpọ̀ nínú wọn jẹ. Àgbà kì í sọ̀rètí nù, á tún ìtẹ́ mọ. Ní ti eku, ẹ wo Mastomys natalensis, èyí tó ń wọlé tó ń wọ oko nílẹ̀ wa: orí ọmú abo rẹ̀ lè tó 24, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń lóyún, ọmọ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tí kò ní pẹ́ níbi iṣẹ́ ló ń ṣe é wàràwàrà.

Ohun kan tún wà tó ń gba ẹyẹ là tó máa ń dùn mọ́ mi nínú láti sọ. Òwe wa ní ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀. Àmọ́ ẹ jókòó jẹ́jẹ́ lẹ́bàá igbó yín nígbà tí àṣá bá kọjá. Ẹyẹ kan á ké lójijì, ohùn yẹn á yàtọ̀ sí ti orin, gbogbo ẹyẹ tó wà nítòsí á sì dákẹ́ wẹ́lo, títí kan àwọn tí kì í ṣe irú kan náà. Eku ń rìn lóru, lọ́pọ̀ ìgbà òun nìkan ni. Kì í sì í ṣe pé kò ní ohùn o: akọ eku a máa kọrin fún abo, àmọ́ orin náà ga ju ibi tí etí èèyàn lè gbọ́ dé. Bí etí wa bá mú tó ti wọn ni, bàbá, ẹ̀bá abà yín kì bá tí dákẹ́ lóru.

Ẹ kò bi mí ní èyí tí ẹ máa ṣe sí àwọn méjèèjì lóko, àmọ́ mi ò lè kọ ìdáhùn yìí kí n má sọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá igbó ṣíṣù yẹn sí. Ní Sulawesi, ní ilẹ̀ Indonesia, àwọn onímọ̀ fi àwọ̀n bo igi kòkó kí ẹyẹ àti àdán má lè dé ibẹ̀, wọ́n sì fi wé àwọn igi tí wọn kò bò. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2013 yẹn, èso orí igi tí wọ́n bò dín ní 31 nínú 100, torí pé kòkòrò ríbi jẹun. Àgbẹ̀ tó ń san owó oògùn kòkòrò mọ ohun tí iye yẹn jẹ́. Kí àwọn ọmọdé dẹ́kun fífi rọ́bà ta àwọn ẹyẹ wọ̀nyí. Ẹran tó wà lára wọn kò tó nǹkan, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún yín pọ̀.

Ẹ tún wo ata wẹ́wẹ́ tó máa ń hù fúnra rẹ̀ lábẹ́ igi àti lẹ́bàá ọgbà níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí. Ẹyẹ ló gbìn ín. Ohun tó ń mú kí ata ta wá lẹ́nu kì í ta ẹyẹ; ẹ fún adìẹ yín lóko ní ata, ẹ ó rí i pé á jẹ ẹ́ láìjanpata. Eku ń mọ̀ ọ́n lára bíi tiwa, ó sì ń sá fún un. Ní 2001, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé irúgbìn ata tó bá gba inú ẹyẹ kọjá ṣì ń hù dáadáa, àmọ́ eyín eku máa ń fọ́ irúgbìn ni. Mi ò wá sọ pé eku kò wúlò o: ó ń kó irúgbìn igi ẹgàn pamọ́ sí ilẹ̀, ó ń gbàgbé díẹ̀, igi sì ń ti ibẹ̀ hù, òun náà sì ni oúnjẹ òwìwí. Ipò rẹ̀ nínú ẹgàn tọ́ sí i. Inú ilé ni kò gbọ́dọ̀ wọ̀.

Ìtọ̀ tí mo ní màá padà sí nìyí. Ẹyẹ kì í tọ̀ bíi tiwa. Ohun funfun tí ẹ ń rí lára ìgbẹ́ rẹ̀ ni ìtọ̀ rẹ̀, ó ki, omi inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Eku ń tọ̀ káàkiri ibi tó bá gbà, àwọn kan nínú wọn sì ń gbé kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ibà Lassa kiri nínú ìtọ̀ wọn láìṣàìsàn rárá. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní 1969, àmọ́ lónìí ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa wà lára ibi tó ti ń jà jù ní Nàìjíríà, pàápàá ní agbègbè Ọ̀wọ̀. Mastomys yẹn ni olórí agbódegbà rẹ̀. Ní 2016, ìwádìí tún fi hàn pé kòkòrò náà wà lára eku inú igbó kan ní Nàìjíríà, Hylomyscus pamfi, nítorí náà ẹ má ṣe sọ pé eku oko mọ́, eku ilé nìkan ló burú. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ lásán mú èyí tó bá há sí pàkúté. Kí gaàrí, èlùbọ́ àti ìrẹsì wà nínú ohun tó ní ọmọrí, kí ẹ má sì sá oúnjẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń le jù. Bí ibà bá mú ará ilé yín, tó lo oògùn ibà tí kò sì lọ, ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ fún wọn pé eku ń bẹ lágbègbè yín.

Ẹ̀wẹ̀, àríyànjiyàn ẹ̀yin àti ọmọ yín. Orin nìkan kò lè parí rẹ̀, nítorí ẹni tó bá rọ́pò ẹyẹ náà á kọ irú orin kan náà láti orí ẹ̀ka kan náà. Òrùka ẹsẹ̀ nìkan ló lè parí rẹ̀. Ẹ má mú un fúnra yín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tètè ń ṣẹ́, ìbẹ̀rù nìkan sì lè pa á. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín lọ bá ẹ̀ka tó ń rí sí ẹranko igbó ní FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, kó béèrè ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ òrùka fífi síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà ló kọ́ ọ ní A. P. Leventis Ornithological Research Institute, ilé ìwádìí nípa ẹyẹ tó wà ní Jọ́ọ̀sì. Òrùka irin kan tó ní nọ́ńbà á wọ ẹsẹ̀ kan, oníke aláwọ̀ méjì á wọ ìkejì, kí ẹ lè mọ̀ ọ́n láti òkèèrè láìtún mú un. Ẹ yan àwọ̀ tó yàtọ̀ sí ti ewé, pupa àti funfun dára. Lẹ́yìn náà, ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ bá rí òrùka náà sílẹ̀ nínú ìwé tí ẹ fi ń ṣe ìṣirò kòkó, bí ó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó fi òrùka náà síbẹ̀.